Bí Ọmọdé Ṣe Ń Rò Ló Ṣe Ń Yàwòrán

Aago mẹ́wàá àárọ̀ ti lù ní kíláàsì alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kejì kan ní Ìbàdàn. Olùkọ́ ti kọ ọ̀rọ̀ méjì sójú pátákó: "Ilé wa." Kí kálukú ya ilé tí ó ń gbé. Ariwo rọlẹ̀, pẹ́ńsù bẹ̀rẹ̀ sí í ha lórí bébà.

Ọmọkùnrin kan tí ó jókòó létí fèrèsé mú rúlà. Ó ń fi ìka ka iye fèrèsé ilé wọn, ó sì ń yà wọ́n ní méjìméjì, gbogbo wọn dọ́gba. Kò sí ènìyàn kankan nínú àwòrán rẹ̀. Ọmọbìnrin tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ya ilé tí ògiri rẹ̀ kò bo nǹkan kan. Ìyá àgbà wà lórí ẹní, ìkòkò wà lórí iná, ọ̀kadà bàbá rẹ̀ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọmọ kékeré kan sì wà nínú ikùn ìyá rẹ̀ tí a ń rí kedere. Ẹnu rẹ̀ kò dákẹ́ bí ó ti ń yà á: "Màámi ń bọ̀ láti ọjà, òjò sì ti ń ṣú." Ẹni kẹta, ọmọ kan tí kì í sábà sọ̀rọ̀, ya ara rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ sì tóbi ju ilé lọ. Wọ́n bi í léèrè, ó ní òun lòún máa ń ṣí géètì.

Olùkọ́ fún ẹni àkọ́kọ́ ní mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. Ó fa ìlà pupa la ìyá àgbà tó wà lẹ́yìn ògiri kọjá, ó ní, "A kì í rí inú ilé láti ìta." Ó ní kí ẹni kẹta lọ tún tirẹ̀ yà.

Olùkọ́ kò purọ́. A kì í rí inú ilé láti ìta. Ṣùgbọ́n ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń yẹ irú bébà bẹ́ẹ̀ wò, tí wọ́n sì ń rí i pé bí ọmọ ṣe ń ro nǹkan, àti bí ó ṣe ń fi ojú, ọwọ́ àti ara mọ ayé, ló ń jáde lẹ́nu pẹ́ńsù rẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ni àwọn ọmọ yẹn gbà ro ilé. Ẹyọ kan péré ni ìwé máàkì mọ̀.

Ohun tí ó mọ̀ ló ń yà

Georges-Henri Luquet, ọ̀mọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Faransé, kò lọ jìnnà kí ó tó rí ẹni tí yóò wò. Àwòrán ọmọbìnrin rẹ̀, Simonne, ló ń kó jọ. Ó gbé ìwé jáde lórí wọn ní 1913, ó sì tún gbé òmíràn tó gbòòrò jù ú lọ jáde ní 1927.

Luquet rí i pé ohun tí ọmọdé mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ ló máa ń yà, yálà ojú ń rí i tàbí kò rí i. Bí ó bá ya oko, iṣu inú ebè á hàn. Bí ó bá ya ẹni tó gun ẹṣin, ẹsẹ̀ méjèèjì á wà ní ẹ̀gbẹ́ kan náà. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tábìlì á nà jáde sí igun mẹ́rin, torí pé mẹ́rin ni wọ́n, kò sì sí ìdí tí a ó fi fi ọ̀kan pamọ́.

Jean Piaget ti ilẹ̀ Switzerland gba ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́ Luquet. Òun àti Bärbel Inhelder fi í sínú ìwé wọn ti 1948 lórí bí ọmọdé ṣe ń mọ̀ nípa àyè àti ipò nǹkan. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ káàkiri ayé pé ìpele ni, pé ọmọ á ti ibí gòkè dé ibi tí yóò ti máa ya nǹkan bí ojú ṣe rí i gan-an. Kò sí irọ́ níbẹ̀. Àmọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ti di ìpele, ẹni tó wà nísàlẹ̀ á dà bí ẹni tí kò gbọ́n.

Àyẹ̀wò kan wà tó rọrùn débi pé ìyá ọmọ lè ṣe é nílé. Ní 1972, Norman Freeman àti R. Janikoun gbé ife kan síwájú àwọn ọmọ ọdún márùn-ún sí mẹ́sàn-án ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n yí ọwọ́ tí a fi ń gbé ife náà sẹ́yìn kí ẹnikẹ́ni má baà rí i. Òdòdó kan wà lára ife náà níwájú, ojú gbogbo wọn ló tó o. Wọ́n ní kí wọ́n ya ohun tí wọ́n ń rí. Àwọn tó kéré fi ọwọ́ sí ife, wọ́n sì gbàgbé òdòdó. Àwọn tó ti ń sún mọ́ ọdún mẹ́jọ fi ọwọ́ sílẹ̀, wọ́n ya òdòdó.

Kí ló fà á? Ọwọ́ yẹn ló sọ ọ́ di irú ife tó jẹ́. Ẹ̀ṣọ́ lásán ni òdòdó. Ọmọ kékeré ń sọ fún wa pé ife nìyí, kí a má ṣe rò pé igbá ni.

Ní 1983, olùwádìí kan tó ń jẹ́ Davis gbé ife méjì kalẹ̀ pọ̀, ọwọ́ ọ̀kan hàn, ti èkejì wà lẹ́yìn. Lójijì, ọ̀pọ̀ ọmọ kékeré tí ì bá fi ọwọ́ sí ife tó bá dá wà kò fi í sí èyí tí ọwọ́ rẹ̀ kò hàn mọ́. Wọ́n ti rí i pé ìyàtọ̀ tó wà láàárín ife méjèèjì ló yẹ kí wọ́n sọ. Ojú wọn kò fọ́ tẹ́lẹ̀. Wọ́n ń wo nǹkan dáadáa, wọ́n sì ń ṣa ohun tó tó sọ nínú rẹ̀.

Alárà àti onítàn

Ọmọ ọgbọọgba pàápàá kì í rò bákan náà. Ní Yunifásítì Harvard, lábẹ́ iṣẹ́ ìwádìí tí wọ́n ń pè ní Project Zero, Dennie Wolf àti Howard Gardner tẹ̀ lé àwọn ọmọ kékeré fún ìgbà pípẹ́, wọ́n ń wo bí wọ́n ṣe ń ṣeré, bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀, bí wọ́n ṣe ń yàwòrán. Ní 1979, wọ́n kọ̀wé pé oríṣi ọmọ méjì ń yọjú léraléra.

Ẹ jẹ́ kí á pe àkọ́kọ́ ní alárà. Bí a bá kó ife iṣeré fún un, á tò wọ́n láti orí kékeré dé orí ńlá, á wo àwọ̀ wọn, á tún wọn tò. Onítàn á bu tíì láti inú ife tó ṣófo fún bèbí rẹ̀, á ní ó gbóná, á fẹ́ ẹ sí i. Bí pẹ́ńsù bá bọ́ sí ọwọ́ àwọn méjèèjì, ọ̀kan á máa wá bí ìlà ṣe bá ìlà mu. Èkejì á fa ìlà kan ṣàràkàṣàrákà, á ní bọ́ọ̀sì tó ń lọ Èkó nìyẹn, bọ́ọ̀sì náà á sì bàjẹ́ lọ́nà kí bébà tó kún.

Ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ ní Bódìjà sọ ọ́ lọ́nà tí kò sí ọ̀mọ̀wé tó lè sọ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. "Ọmọ tèmi kì í fi pẹ́ńsù yà á," ni ó wí, "ẹnu ló fi ń yà á. Tó o bá wo bébà rẹ̀, o ò ní rí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n jókòó tì í."

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé bébà nìkan ni olùkọ́ máa ń gbà lọ sílé láti lọ máàkì. Ìtàn tó bá àwòrán rìn ti ṣòfò sínú afẹ́fẹ́ kíláàsì. Àwòrán alárà kò nílò agbẹnusọ, ti onítàn kò sì pé láìsí ẹnu rẹ̀.

Ẹni tó fi ojú mọ̀, ẹni tó fi ara mọ̀

Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ tóbi ju ilé lọ, Viktor Lowenfeld ni ì bá yé jù.

Ọmọ ilẹ̀ Austria ni Lowenfeld. Linz ni wọ́n ti bí i ní 1903. Ní Vienna, ó kọ́ àwọn ọmọ afọ́jú ní iṣẹ́ ọnà, nígbà tí àwọn ènìyàn gbà pé afọ́jú kò ní ohun tí yóò fi ọnà ṣe. Amọ̀ ló fi síwájú wọn. Ohun tí ó rí yà á lẹ́nu. Ọmọ tí kò ríran rárá, tó bá ń mọ orí ènìyàn, á gbẹ́ ihò ẹnu, á to eyín àti ahọ́n sínú rẹ̀, lẹ́yìn náà ni á wá fi ètè bò ó. Bí orí náà bá parí, kò sí ẹni tí yóò rí ahọ́n yẹn mọ́. Ọmọ náà mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, bí òun fúnra rẹ̀ ṣe mọ̀ pé ahọ́n wà ní ẹnu òun.

Àwọn tí ojú wọn ríran díẹ̀ ló wá tún ọ̀rọ̀ náà dì. Àwọn kan nínú wọn á gbé amọ̀ súnmọ́ ojú, wọ́n á máa tiraka láti fi ìwọ̀nba ìríran náà ṣiṣẹ́. Àwọn mìíràn, tí ojú wọn kò burú ju ti àwọn àkọ́kọ́ lọ, á pa ojú tì, wọ́n á máa fi ọwọ́ wá a. Lowenfeld bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé ọ̀rọ̀ náà ju ojú lọ. Ó ní ẹ̀dá kan wà tó jẹ́ pé ojú ló fi ń mọ ayé. Òkèèrè ló ti máa ń wo nǹkan, á rí i lódindi kó tó wo ẹ̀yà rẹ̀. Ẹ̀dá mìíràn wà tó jẹ́ pé ara ló fi ń mọ̀ ọ́n, nípa fífọwọ́kàn, nípa ìnira iṣan, nípa ohun tó dun ọkàn rẹ̀. Nínú àwòrán irú ẹni bẹ́ẹ̀, ohun tó ṣe pàtàkì ló máa ń tóbi. Ọwọ́ tó ń ṣí géètì á tóbi. Ehín tó ń dun ọmọ lè gba ìdajì ojú.

Ní 1945, ó tẹ èsì àyẹ̀wò tó ṣe fún ènìyàn 1,128 jáde. Ó ní ìdá 47 nínú ọgọ́rùn-ún ń fi ojú mọ̀, ìdá 23 ń fi ara mọ̀, àwọn yòókù kò fara mọ́ apá kan. N kò rò pé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ìdá wọ̀nyẹn pín ọmọ rẹ̀ sọ́tọ̀. Ènìyàn kì í ṣe èso tí a ń ṣà sínú agbọ̀n méjì. Ohun tó ṣe mí lóore nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni ìbéèrè tó kọ́ mi láti bi: kí ni ọmọ yìí fi mọ ohun tó yà?

Hitler gba Austria ní 1938, Lowenfeld tó jẹ́ ọmọ Júù sì sá. Amẹ́ríkà ló bọ́ sí, ó sì lọ kọ́ àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú ní Hampton Institute ní Virginia, níbi tí òfin ìyàsọ́tọ̀ ti gbilẹ̀.

Wáyà ní Lusaka, pẹ́ńsù ní Manchester

Ẹni tó bá ti lé ní ogójì ọdún ní ilẹ̀ wa yóò rántí mọ́tò agolo: agolo mílíìkì fún ara, bàtà sílípáàsì tó ti gé fún táyà, wáyà fún ọwọ́ ìtọ́kọ̀. Ọmọ tó ṣe é lè má mọ bí a ṣe ń ya mọ́tò sórí bébà. "Wọ́n máa ń nà mí torí Fine Art," ni mẹkáníìkì kan ní Mọ́kọ́lá sọ, tó ń rẹ́rìn-ín. "Ṣùgbọ́n mọ́tò témi ṣe, ó máa ń yí kọ́nà."

Robert Serpell fi irú ọ̀rọ̀ yìí ṣe ìwádìí tó jáde ní 1979. Ó mú àwọn ọmọ ọdún mẹ́jọ ní Lusaka ní ilẹ̀ Zambia, ó sì mú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Manchester. Ó ní kí wọ́n ṣe àwòkọ àwọn nǹkan kan ní oríṣiríṣi ọ̀nà. Pẹ̀lú pẹ́ńsù àti bébà, àwọn ọmọ Manchester borí. Pẹ̀lú wáyà, àwọn ọmọ Lusaka fi wọ́n sílẹ̀ sẹ́yìn. Pẹ̀lú amọ̀, kò sí ẹni tó ju ẹnì kejì lọ. Ẹni tó bá lo bébà nìkan á ní ọmọ Zambia kò mọ nǹkan wò. Ẹni tó bá lo wáyà nìkan á ní ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ló gọ̀.

Ìtọ́jú ilé náà máa ń wọnú àwòrán. Àwọn olùwádìí ilẹ̀ Jámánì, tí Heidi Keller wà lára wọn, fi àwòrán ẹbí tí àwọn ọmọ Nso ní Kamẹrúùnù yà wé ti àwọn ọmọ Jámánì. Àwọn ọmọ Jámánì ya ènìyàn ńlá tó ń rẹ́rìn-ín. Ti àwọn ọmọ Nso kéré, ojú wọn kò sì fi ẹ̀rín hàn. Ẹni tó bá fi ìwé òkè òkun ka ìyẹn lè sọ pé ọmọ náà ń banú jẹ́ tàbí pé kò ka ara rẹ̀ sí. Láàárín àwọn Nso, ọmọ tó fara balẹ̀, tí kì í sáré fi ìmọ̀lára rẹ̀ hàn, ni wọ́n ń pè ní ọmọ tó gba ẹ̀kọ́ ilé. Ìyá Yorùbá wo ni kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ?

Ìwádìí mìíràn tó jáde ní 2014 wo àwọn ọmọ Kánádà àti ti Japan. Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ìwé, ibi tí wọ́n ń fa ìlà tó pín ilẹ̀ àti ojú ọ̀run sí kò yàtọ̀. Kò pẹ́ púpọ̀ tí àwọn ọmọ Japan bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìlà náà sókè kí àyè lè gba nǹkan púpọ̀ nísàlẹ̀, bí ó ti rí nínú àwòrán àwọn àgbà wọn. A lè sọ pé ojú pàápàá ń lọ sílé ìwé.

Ọ̀gbẹ́ni Perspective

Ní tiwa, ìjà lórí irú ojú tó yẹ kí ọmọ fi yàwòrán kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Aina Onabolu, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, kàwé ní London, ó padà dé ní 1922, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní yíyàwòrán láti ilé ìwé kan dé òmíràn ní Èkó. Bí ohun tó jìnnà ṣe ń kéré, bí ọ̀nà ṣe ń pàdé lókèèrè, ni ó tẹnu mọ́ débi pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ ọ́ ní "Mr Perspective". Àwọn òyìnbó amúnisìn ti ń sọ pé Adúláwọ̀ kò lè ya irú rẹ̀. Onabolu fẹ́ fi hàn wọ́n pé irọ́ ni.

Òun náà ló rọ ìjọba láti wá olùkọ́ sí i, ìyẹn ló mú Kenneth Murray dé ní 1927. Murray kò sì gba tirẹ̀. Ó fẹ́ kí àwọn ọmọ ya ìgbé ayé abúlé wọn láti inú ọkàn, kí wọ́n kọ́ iṣẹ́ ọnà ilẹ̀ wọn, kí ọ̀rọ̀ ọ̀nà tó ń pàdé lókèèrè dúró ná.

Mo máa ń gbè sẹ́yìn Onabolu nínú ìjà náà, torí ó mọ ẹni tó ń bá wí. Síbẹ̀, ohun tó gba àmì ẹ̀yẹ ní kíláàsì rẹ̀ jẹ́ ti ẹni tó ń fi ojú mọ ayé, òṣùwọ̀n yẹn la sì jogún. Àwọn agbẹ́gilére wa kò lò ó. Orí ère wọn lè tó ìdá kan nínú mẹ́ta tàbí mẹ́rin gbogbo ara. Kò sí ẹni tó máa sọ pé wọn kò mọ bí orí ènìyàn ṣe tóbi tó. Wọ́n mọ ibi tí agbára ẹ̀dá wà. Ọmọ ọdún márùn-ún tó ya orí ńlá lè má tíì ro ìyẹn já, ṣùgbọ́n olùkọ́ tó fa ìlà pupa sí i yẹ kó ti rí ère rí.

Ṣé àwòrán lè wọn ọpọlọ?

Ìbéèrè tí àwọn òbí máa ń bi jù nìyí. Florence Goodenough dáhùn ún ní 1926 ní Amẹ́ríkà: kí ọmọ ya ọkùnrin kan, kí a ka ohun 51 nínú rẹ̀. Ṣé ọrùn wà? Ṣé ìka pé? Dale Harris tún un ṣe ní 1963, ó sì fi àwòrán obìnrin kún un. Ó tàn káàkiri torí pé bébà àti pẹ́ńsù nìkan ni ó ń gbà. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò bá di pẹ́ńsù mú rí á gba òdo, òdo náà á sì dà bí ti ọpọlọ rẹ̀.

King's College ti London wo ìbejì, ọ̀rọ̀ tí kò ṣàjèjì sí wa, tó 7,752 méjìméjì. Ní ọmọ ọdún mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan ya ọmọdé kan, wọ́n sì ka ẹ̀yà ara tó wà níbẹ̀. Èsì tó jáde ní 2014 fi hàn pé máàkì àwòrán bá ti làákàyè rìn díẹ̀: 0.33 ní ọdún mẹ́rin, 0.20 nígbà tí wọ́n di ọdún mẹ́rìnlá, nígbà tí ìbáṣepọ̀ tó pé pérépéré jẹ́ 1. Àwòrán àwọn ìbejì tó jọra bí ìmumu tún jọra ju ti àwọn ìbejì yòókù lọ. Àwọn olùwádìí náà fúnra wọn ní kí òbí má ṣe sáré dààmú bí ọmọ kò bá mọ̀ ọ́n yà.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà bá ṣì dùn mọ́ nínú, kó wo Nadia. Wọ́n bí i ní Nottingham ní 1967, ó ní ọ́tísíìmù, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ̀rọ̀. Nígbà tó tó bí ọmọ ọdún mẹ́ta ó ń fi bírò ya ẹṣin tó ń sáré, ẹsẹ̀ ẹṣin náà ń tẹ̀ bí ó ti yẹ, èyí tí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà kò lè yà. Lorna Selfe kọ ìwé lé e lórí ní 1977. Àlàyé kan tí wọ́n ṣe ni pé nítorí tí ọ̀rọ̀ kò tíì wọ Nadia lọ́kàn, kò sí ohun tó ń sọ fún un pé ẹṣin gbọ́dọ̀ ní ẹsẹ̀ mẹ́rin tó hàn. Ojú rẹ̀ ń wo ìlà lásán. Ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Bí òótọ́ bá wà nínú rẹ̀, á jẹ́ pé àwòrán tí olùkọ́ wa ń fún ní mẹ́jọ lè wá láti orí tí kò tíì ro nǹkan púpọ̀, kí èyí tó fa ìlà pupa sí sì wá láti orí tó kún fún ọ̀rọ̀.

Bébà tí wọ́n ti yà sílẹ̀

Ní ọ̀pọ̀ jẹ́lé-ó-sinmi aládàáni báyìí, àwòrán tí ẹ̀rọ ti tẹ̀ ni ọmọ ń gbà: ápù, ẹ̀pà, labalábá. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó fi kíráyọ́nù kún un, kó má sì kọjá ìlà. Lowenfeld kórìíra irú ìwé bẹ́ẹ̀ gidi. Ó ní ó ń kọ́ ọmọ pé ẹlòmíràn ló mọ bí ajá ṣe rí. Olùkọ́bìnrin kan ní Àgbọ̀wọ́ kò bá a jiyàn, ṣùgbọ́n ó ní tirẹ̀ láti sọ: "Ọmọ márùndínlógójì ni mo ní. Tí mo bá ní kí kálukú ya tinú ẹ̀, ìgbà wo ni mo fẹ́ gbọ́ ìtàn gbogbo wọn? Àwọn òbí náà á sì ní kí ló dé tí ìwé ọmọ àwọn rí wúruwùru."

Nígbà tí ọmọ bá tó bí ọdún mẹ́sàn-án sí mọ́kànlá, ó máa ń fẹ́ kí àwòrán òun jọ ohun tí òun ń wò. Bí kò bá jọ ọ́, á pa á rẹ́, á tún un yà, títí bébà á fi ya. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń fi pẹ́ńsù sílẹ̀ títí láé, pàápàá àwọn onítàn àti àwọn tó ń fi ara mọ̀.

Olùkọ́ iṣẹ́ ọnà kan ní ilé ìwé girama ní Abẹ́òkúta ti ń dán nǹkan mìíràn wò. Kò ní kí wọ́n ya mọ́tò mọ́. Ó ní kí wọ́n gbé mọ́tò wá, kí kálukú yan bébà, amọ̀ tàbí wáyà. "Bí mo bá ní kí wọ́n yà á, ẹni mẹ́ta ló máa ń ṣe é dáadáa," ni ó sọ. "Bí mo bá ní kí wọ́n ṣe é, ó máa ń ju ìdajì kíláàsì lọ." Ìwé máàkì tí wọ́n kó fún un ní tẹ́ẹ̀mù yìí ní àlàfo kan ṣoṣo, ti àwòrán orí bébà. Ó ti fi bírò fa ìlà mìíràn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó kọ "amọ̀ àti wáyà" sókè ibẹ̀, ó sì ti kó o lọ sí ọ́fíìsì ọ̀gá.